Ṣé Eré The Archers Ti Kan, àbí Ó Ti Bu?

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ eré orí rédíò kan ni mo gbé dání lónìí, eré tí wọn kò ṣe ní ilẹ̀ wa, tí àwọn òṣèré rẹ̀ kò sì gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n tí mo ti ń tẹ́tí sí láti ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní Birmingham ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí orí fóònù mi. The Archers ni orúkọ rẹ̀. Iléeṣẹ́ BBC ni ó ń gbé e jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti wà lórí afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó bí bàbá ọ̀pọ̀ nínú yín. Ó pẹ́ tí àwọn tí ń gbọ́ ọ ti ń bi ara wọn léèrè bóyá eré náà ti kan, ìbéèrè yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀.

Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà, kí ó "kan". Níbòmíràn, ohun tí ó bá ti kan ti bàjẹ́ nìyẹn, ọbẹ̀ tí ó bá sì kan, ẹ̀yìnkùlé ni à ń dà á sí. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, ibi tí wọ́n ti ń yan gàrí ni mo sì gbé dàgbà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìgbó nítorí pé Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé ọkọ wọn wà, á bó gbágùúdá, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n á gbé òkúta lé e lórí, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí omi rẹ̀ yóò fi ro, tí òórùn kíkan yóò sì gba gbogbo ẹ̀yìn ilé. Àlejò tí kò bá mọ̀ á ro pé ó ti bàjẹ́. Màmá Ìgbó á fi ìka méjì mú díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ó ku ọ̀la." Kíkan yẹn ni àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ béèrè gàrí Ìjẹ̀bú. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gbàgbé àpò náà sí kọ̀rọ̀, tí kò fọwọ́ kàn án mọ́, kò ní kan nìkan, yóò bu, nǹkan funfun á bò ó, kò sì sí iná tí ó lè sọ ọ́ di gàrí mọ́. Nítorí náà, ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a bi eré yìí kì í ṣe bóyá ó ti pẹ́. Ṣé ó kan ni, àbí ó ti bu?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ kò pọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n ni ìjọba sì fi ń pín ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan lè rà. Ìjọba fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ kọ́ ọgbọ́n tuntun kí irè oko lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àgbẹ̀: kì í fẹ́ kí ẹni tí kò mú ọkọ́ rí wá máa kọ́ òun bí a ṣe ń roko. Ní ìpàdé kan tí wọ́n ṣe ní Birmingham ní 1948, àgbẹ̀ kan dìde, ó ní ohun tí àwọn fẹ́ ni eré bíi ti Dick Barton, ìyẹn eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń sáré wọlé wá gbọ́ nírọ̀lẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ti àgbẹ̀. Godfrey Baseley, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ BBC, gba ọ̀rọ̀ náà rò. Wọ́n dán eré náà wò ní 1950 fún àwọn ará àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbé e jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà ní ọjọ́ 1 oṣù kìíní 1951. Kò pẹ́ tí ó fi gba àkókò Dick Barton fúnra rẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ìgbà náà, wọ́n ti ṣe é ju 20,000 apá lọ, apá kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 13.

Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Ambridge, tí ẹ kò lè rí lórí máàpù kankan, ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, ìdílé Archer tí ó ni oko Brookfield sì ni òpó rẹ̀. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ ni pé àkókò inú eré náà àti àkókò ti àwa tí ń gbọ́ ọ jọ ń rìn ni. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí àgùntàn ń bímọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgùntàn á máa bímọ ní Ambridge. Ọmọ tí wọ́n bí nínú eré á lọ sílé ẹ̀kọ́, á gbéyàwó, irun rẹ̀ á funfun. Norman Painting ni ó ṣe Phil Archer láti ìgbà ìdánwò 1950 títí ó fi kú ní 2009. June Spencer, tí òun náà wà nínú ìdánwò yẹn, kò fẹ̀yìn tì kúrò nínú ipa Peggy títí di 2022, nígbà tí ó ti lé ní 100 ọdún. Ẹ ro ó wò ná: kí ènìyàn gbọ́ ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan, kí ó sì máa gbọ́ ohùn kan náà títí yóò fi máa gbọ̀n ti arúgbó. N kò mọ irú eré mìíràn tí ó lè fún olùgbọ́ ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ìró tí ẹ ń gbọ́ nínú rẹ̀ náà yẹ ní fífi etí sí. Nínú yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ ní Birmingham, tábìlì ìlọṣọ àtijọ́ kan tí ó ń dún kíìì ni wọ́n ń lò fún géètì oko, aṣọ ìnura tútù tí wọ́n jù sílẹ̀ ni wọ́n sì ń lò nígbà tí ọmọ àgùntàn bá ń já bọ́ láti inú ìyá rẹ̀. Mo gbé èyí fún Màmá Ìgbó gbọ́ lọ́jọ́ kan láìsọ fún wọn. Wọ́n dá igbá tí wọ́n fi ń ro gàrí dúró nínú agbada, wọ́n ní, "Ewúrẹ́ ta ni ó ń bímọ níbí?"

Ó dára. Kí wá ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan eré náà? Ẹ̀sùn méjì ni, wọ́n sì takora. Àwọn kan ní eré náà ń fà bí ìgbín: ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó, ọ̀rọ̀ òdòdó, ọ̀rọ̀ ta ni yóò ṣe alága ìgbìmọ̀ abúlé, wọ́n á sì máa tún un sọ lọ́dọọdún. Àwọn mìíràn ní eré náà ti pàdánù ara rẹ̀, pé ó ti di eré tẹlifíṣọ̀n, àgbèrè lónìí, ọ̀bẹ lọ́la. Ariwo ti ẹgbẹ́ kejì yìí pọ̀ gan-an lẹ́yìn 2013, nígbà tí Vanessa Whitburn, tí ó ti ń darí eré náà láti 1991, fẹ̀yìn tì, tí wọ́n sì fi Sean O'Connor, tí ó ti ṣiṣẹ́ nínú eré tẹlifíṣọ̀n EastEnders rí, rọ́pò rẹ̀. Èmi rò pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ń wo ibi tí kò yẹ. Ọ̀kan ń ka iye ìgbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀, èkejì ń wọn bí ariwo rẹ̀ ṣe tó, kò sì sí èyí tí ó béèrè ohun tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà fi sílẹ̀ lára àwọn tí ó ṣẹlẹ̀ sí.

Ní ti àtúnṣe ọdọọdún, àwa Ìjẹ̀bú ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dá ẹjọ́ yẹn. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, lọ́dọọdún ni, ibì kan náà ni. Àwọn regbéregbé á tò wá, ìdílé àwọn Balógun á gun ẹṣin wá, ìbọn á máa dún. Kò sí ẹni tí ń sọ ní Ìjẹ̀bú-Òde pé ó ti sú òun nítorí pé ó wáyé ní ọdún tí ó kọjá. Ìdí rẹ̀ ni pé a kì í lọ wo ètò náà fúnra rẹ̀. Ohun tí a ń lọ wò ni ẹni tí ó wà láàyè ní èṣí tí kò sí níbẹ̀ mọ́, ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà kan tí ó ti di àgbà, ọmọ tí bàbá rẹ̀ gbé kọ́ ẹ̀yìn ẹṣin ní ọjọ́ kan tí ó wá ń dá gun tirẹ̀ báyìí. Bí ètò náà kò bá dúró sójú kan, báwo ni a ó ṣe rí ìyípadà àwọn ènìyàn inú rẹ̀? Bákan náà ni ní Ambridge. Ìfihàn òdòdó àti irè oko ń wáyé níbẹ̀ lọ́dọọdún, obìnrin kan tí ń jẹ́ Lynda Snell sì ń kó àwọn ará abúlé jọ ṣe eré Kérésìmesì, yálà wọ́n fẹ́ tàbí wọ́n kọ̀. Èmi kì í sá fún àwọn apá wọ̀nyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń mọ ẹni tí ó ti ń bá ta ni yodì.

Ọ̀rọ̀ ariwo ni ó gba àlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín kíkan àti bíbu. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án 1955, iná jó ilé ẹṣin kan nínú eré náà. Grace, ìyàwó tuntun tí Phil Archer fẹ́, ti bọ́ nínú iná náà, ṣùgbọ́n ó tún padà wọlé nítorí ẹṣin, ó sì kú. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni tẹlifíṣọ̀n ITV, tí ó wá bá BBC díje, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà títí di òní pé BBC mọ̀-ọ́n-mọ̀ pa Grace kí ẹnikẹ́ni má baà rántí ITV. Bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ọgbọ́n ọjà lásán ni à bá pè é. Ṣùgbọ́n Phil ṣọ̀fọ̀, ó sì fẹ́ Jill ní 1957, ọmọ Jill sì ni David tí ń darí Brookfield tí a ń gbọ́ lónìí. Obìnrin tí ń ṣe Jill, Patricia Greene, ti wà lẹ́nu ipa náà láti ọdún 1957 yẹn. Ẹ wò ó, bí Grace kò bá kú, gbogbo ìdílé tí ó wà nínú oko yẹn kì bá tí wà. Ikú ọdún 1955 kò tíì tán nínú eré náà.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kìíní 2011, fún àyájọ́ 60 ọdún, wọ́n jẹ́ kí Nigel Pargetter já bọ́ láti orí òrùlé ilé ńlá rẹ̀, Lower Loxley. Inú bí àwọn olùgbọ́, ó sì bí èmi náà nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí pé ó hàn gbangba pé àyájọ́ ni ó pa ọkùnrin náà: wọ́n ti ṣèlérí fún gbogbo ayé pé nǹkan ńlá kan ń bọ̀ wá mi Ambridge tìtì, wọ́n sì ní láti wá ẹni tí yóò fi ẹ̀mí rẹ̀ san ìlérí náà. Síbẹ̀, David ni ó rọ Nigel pé kí wọ́n jọ gun òkè lọ já àsíá tí wọ́n so mọ́ òrùlé náà, ẹ̀bi yẹn sì wọ David lára. Ohun tí ó mú kí n dárí ji àwọn tí ó kọ ọ́ nìyẹn.

Ìtàn tí ó jẹ́ kí n dá ẹjọ́ mi láìṣiyèméjì ni ti Helen àti ọkọ rẹ̀, Rob Titchener. Ọkùnrin náà kò lù ú ní ọjọ́ kìíní. Ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó sọ pé aṣọ tí Helen wọ̀ kò yẹ ẹ́, kí ó lọ pààrọ̀ rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn nígbà tí ó ń sọ ọ́. Nígbà tí ó ṣe, ó ní ó rẹ Helen jù láti máa wa mọ́tò. Nígbà tí ó tún ṣe, ó ní ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Díẹ̀díẹ̀ báyìí, fún ohun tí ó lé ní ọdún méjì, títí obìnrin náà kò fi mọ èyí tí ó jẹ́ èrò tirẹ̀ mọ́. Ní oṣù kẹrin 2016, nígbà tí Helen fẹ́ kó ọmọ rẹ̀ kúrò nílé, ọ̀rọ̀ dé ojú ọ̀bẹ, ó sì gún Rob. Àwọn tí ó ń gbọ́ eré náà dá owó jọ fún àwọn obìnrin tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí, owó náà sì ju 100,000 pọ́ùn lọ. Kò sí eré orí ìtàgé tàbí fíìmù wákàtí méjì tí ó lè ṣe ìtàn yìí bẹ́ẹ̀. Olùgbọ́ náà ní láti wà nínú ilé yẹn pẹ̀lú Helen, kí ó máa gbọ́ ohùn dídùn yẹn ní alaalẹ́, kí òun náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rò pé bóyá ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀ ni. Eré tí kò pẹ́ kò ní àyè fún un.

Wọn kò sì gbàgbé. Ní 2023, Rob padà wá pẹ̀lú àrùn inú ọpọlọ tí kò ní wòsàn, ó ń wá àforíjì, ó sì kú. Nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún méje, irun ara mi dìde. Ẹni tí kò gbọ́ ti ìṣáájú á kàn gbọ́ ọkùnrin aláìsàn kan tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Àwa tí a ti wà níbẹ̀ ni ẹ̀rù bà. Kíkan tí mo ń sọ nìyẹn: ọjọ́ tí ó ti pẹ́ nínú àpò ni ó fún un ní adùn.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé mo wá gbè sẹ́yìn eré yìí ní gbogbo ọ̀nà. Ó ní ibi tí ó ti bu. Ìdílé Grundy, tí wọ́n jẹ́ tálákà abúlé náà, ní bàbá kan tí ń jẹ́ Eddie, tí kì í ṣíwọ́ ọgbọ́n àrékérekè òwò: tòlótòló ní Kérésìmesì, ọtí èso tí wọ́n pọn lẹ́yìn ilé, gbogbo rẹ̀ á sì fọ́ mọ́ ọn lórí kí ó tó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àdánù náà kì í kọ́ ọ ní nǹkan kan, kì í sì í jẹ́ kí ebi pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọdún 2000 tí wọ́n lé wọn kúrò nínú oko tí wọ́n yá ni mo gbọ́ pé ìdílé náà wúwo jù lọ, nítorí pé àdánù ìgbà yẹn jẹ́ àdánù gidi. Bí wọ́n bá tún fi Eddie ṣe ẹ̀rín lásán, èmi máa ń yí ohùn fóònù mi sílẹ̀.

Ibi tí ó ti bu jù lọ ni ọdún 2020. Àrùn kòrónà sé àwọn òṣèré mọ́lé, wọ́n kọ́kọ́ ń tún àwọn apá àtijọ́ gbé jáde, nígbà tí ó sì di oṣù karùn-ún, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ilé rẹ̀. Ẹnì kan á máa dá sọ ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀, òmíràn á tún máa dá sọ tirẹ̀, wọn kò sì lè dá ara wọn lóhùn. Mo bá wọn kẹ́dùn, nítorí pé iṣẹ́ náà kò ní bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò ṣèèṣì pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Àpótí náà ń sọ̀rọ̀, kì í sì í gba èsì. Ohun tí ó mú kí eré orí rédíò dùn ni pé àwọn tí ó wà nínú àpótí náà ń fèsì fún ara wọn, tí àwa sì ń yọ́ gbọ́ wọn. Bí àwọn náà bá di asọ̀rọ̀mágbèsì, kí ni ó kù fún wa? Àpò tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ni eré náà dà ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn. Ọgbẹ́ tí wọ́n ti là sílẹ̀ ṣáájú, ti Philip Moss, bíríkìlà tí ó ń lo àwọn ọ̀dọ́kùnrin bí ẹrú, pàdánù agbára rẹ̀ nítorí pé wọn kò lè kó ẹni tí ó jẹ̀bi àti ẹni tí a ṣẹ̀ pàdé níwájú wa.

Ọmọ Ọ̀sọ̀sà ni Hubert Ogunde, kò jìnnà sí ibi tí mo jókòó sí yìí. Ó dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà títí ó fi kú ní 1990. Láti inú eré ìjọ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lọ sórí ìtàgé, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fi fòfin dè é ní 1964, ó sì parí rẹ̀ sí fíìmù. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí àwọn tí wọ́n ń sọ fún mi pé ohunkóhun tí ó bá ti lé ní 40 ọdún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan, àfi kí ó rọ.

Ìdájọ́ mi nìyí. The Archers kan, kò bu, bí ó tilẹ̀ ní igun kan tàbí méjì tí nǹkan funfun ti ń hù. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ ọ, ẹ má ṣe gbìyànjú láti padà sí 1951. Apá ti òní ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lórí fóònù yín, kí ẹ sì fún un ní oṣù méjì. Ní oṣù àkọ́kọ́, orúkọ á máa dàrú mọ́ yín lójú. Bí ó bá ti di oṣù kejì, ẹ ó ti máa mọ ẹni tí ó ń purọ́ láti inú ohùn rẹ̀.

Ní 2024, ọmọ ilé Grundy kan tí ń jẹ́ George wa mọ́tò Alice, obìnrin kan tí gbogbo abúlé mọ̀ pé ọtí ti mú lẹ́rú, ó sì ti mọ́tò mìíràn sínú odò. Alice ti mutí, kò mọ ohun tí ń lọ. George gbé e sí ìjókòó awakọ̀, gbogbo ènìyàn sì gbà pé Alice ni. Fún oṣù púpọ̀ ni a fi mọ òtítọ́ tí àwọn ará abúlé kò mọ̀. Mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá Ìgbó bí wọ́n bá ń yan gàrí, mo sì ti rò pé wọ́n kàn ń ṣe é nítorí mi ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, fóònù mi dún. Màmá Ìgbó ni. Wọn kò béèrè àlàáfíà mi, wọn kò béèrè ti ilé. Wọ́n ní, "Ọmọ burúkú tó gbé ọ̀ràn lé obìnrin yẹn lórí, ṣé wọ́n ti mú un?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Wọn ò tíì mọ̀."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé òun náà ò tíì fura?"